Jaguar E-Type 1966: ìwé rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ọdún 15 kò sí nínú rẹ̀

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Leeds

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kí n tó kówó sílẹ̀.

Mo rí Jaguar E-Type kan ní apá Harrogate, ti ọdún 1966, ẹ́ńjìnnì lítà 4.2, èyí tó ní òrùlé irin. Wọ́n ti tún un ṣe látòkè délẹ̀. Pupa ni báyìí, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí tí Jaguar Daimler Heritage Trust, àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àtijọ́ Jaguar, kọ fún un sọ pé búlúù tó ń dán bíi fàdákà ni nígbà tó kúrò ní ilé iṣẹ́ ní Coventry. Ẹni tó ń tà á gbé fáìlì ńlá kan síwájú mi. Ìwé ọkọ̀ ayé àtijọ́ wà níbẹ̀, irú èyí tí káńsù máa ń fúnni kí ọ́fíìsì ìjọba tó wà ní Swansea tó gba iṣẹ́ náà, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì gbogbo ẹni tó ti ni ín. Dókítà eyín kan ní Yorkshire ló kọ́kọ́ rà á. Rìsíìtì taya wà níbẹ̀, ti bírékì wà níbẹ̀, ìwé MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí ọkọ̀ ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì bẹ̀rẹ̀ láti 1969. Mo jókòó tì í, mo kà á títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ìwé yẹn dá dúró ní 1979, kò sì sí nǹkan kan mọ́ títí di 1994. Ọdún 15 gbáko! Ọkùnrin náà ní inú gáráàjì ló wà. Owó tó ń pè sì ju ti èyí tí kò ní ìwé lọ dáadáa. Ṣé fáìlì yìí tó ohun tí èèyàn ń sanwó lé? Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá ẹni tí yóò bá mi fi ojú mìíràn wò ó.

Wẹ́dà Coventry

Ẹ kú ìmúra, arákùnrin mi. Bọ́dì E-Type ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun.

Àlàfo yẹn nìkan kò túmọ̀ sí irọ́. SORN tí a fi ń sọ fún ìjọba pé ọkọ̀ wa kò sí lójú títì, 1998 ló bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọkọ̀ lè sùn nínú gáráàjì fún ogún ọdún láìsí bébà kan tó jẹ́rìí sí i. Ẹ wo iye máìlì tó wà lórí MOT 1979, kí ẹ wo ti 1994. Bí wọ́n bá súnmọ́ra, òótọ́ ló ń sọ.

Ohun tí omi ṣe ní ọdún wọ̀nyẹn ni kí ẹ bẹ̀rù. Iwájú E-Type, férémù onípáìpù tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ bọ́dì ló gbé ẹ́ńjìnnì. Inú páìpù yẹn ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, òde rẹ̀ á sì máa dán. Irin gbọọrọ abẹ́ ilẹ̀kùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run lè fi pọ́tì dí i, kó fín ọ̀dà lé e, kó sì tà á. Nítorí náà, nínú gbogbo fáìlì yẹn, àwòrán ìgbà tí wọ́n ha ọ̀dà kúrò, tí irin wà níhòòhò, ni èmi máa kọ́kọ́ béèrè. Ìwé Heritage mọ bí ọkọ̀ ṣe jáde ní ilé iṣẹ́. Kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́yìn náà.

Nọ́mbà ọkọ̀ wà lára férémù iwájú, lápá ọ̀tún, lókè ibi tí wọ́n so ṣọ́kù mọ́. Ẹ ò rí i pé ara irin tó tètè ń jẹrà gan-an ló wà! Bí wọ́n bá ti tún un tẹ̀ sára férémù tuntun, ẹ má pariwo olè. Rìsíìtì àti àwòrán ni kí ẹ béèrè. Bí nọ́mbà náà bá jẹ́ 1E20 tàbí 1E21 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń wà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 1E30 tàbí 1E31 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ òsì ni; kó wá ṣàlàyé bí dókítà eyín Yorkshire ṣe ń wa ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún òkè òkun.

Ní ti owó, bẹ́ẹ̀ ni, ìtàn ní iye lórí. Ẹ wo E-Type tí nọ́mbà àwo rẹ̀ jẹ́ 9600 HP, tí Bob Berry, òṣìṣẹ́ Jaguar, wà láti Coventry dé Geneva ní March 1961, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi E-Type han ayé, tí ìwé ìròyìn Autocar sì sá dé 150 máìlì ní wákàtí kan. Ó bàjẹ́ nígbà tó yá, wọ́n sì tún un ṣe. Ta ló máa díye lé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń díye lé irin lásán?

Ìyá Ìbejì, Birmingham

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n dára, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí fáìlì gbà yín lọ́kàn ju ọkọ̀ lọ. Ẹ wà á! Kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ẹ wo géèjì ọ́ìlì: ó yẹ kó wà ní nǹkan bí 40 psi tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Gíà 4.2 kò gbọdọ̀ han tí ẹ bá wọ ẹyọ kìn-ín-ní; ti E-Type 3.8 tó ṣáájú rẹ̀ ló ń ṣe agídí bẹ́ẹ̀. Láti May 2018, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún kò nílò MOT mọ́, ṣùgbọ́n ẹ ní kó lọ ṣe é.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Leeds

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo pe ẹni tó ń tà á. Máìlì 1979 àti ti 1994 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. 1E20 ni nọ́mbà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ó fi àwòrán irin abẹ́ ilẹ̀kùn ránṣẹ́, wọ́n gé ti àtijọ́ kúrò, wọ́n jó tuntun sí i, ó mọ́ tónítóní. Ti férémù iwájú ni kò rí, kò sì sí rìsíìtì rẹ̀.

Wẹ́dà Coventry

A jẹ́ pé férémù yẹn gan-an la máa lọ wò. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ bi í bóyá ó máa gbà kí a gbé ọkọ̀ sókè, kí a sì ṣí bónẹ́ẹ̀tì fún wákàtí méjì. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti òòfà kékeré dání, òòfà kì í lẹ̀ mọ́ pọ́tì. Sátidé yìí kò gbà fún mi, èyí tó tẹ̀lé e ni mo lè wá.