Wọ́n dá kléèmù páténtì mi padà lórí ẹ̀lẹ́kítíróòdù inú piezo. Kí ni kí n fèsì?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé lọ́yà wà níbí, ẹnjinníà náà wà. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ̀yà piezo (ohun tó ń nà bí iná bá wọ inú rẹ̀) onípele púpọ̀ ni mo ṣe, irú èyí tó ń ṣí nọ́súlù ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì. Sẹ̀rámíìkì PZT fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ẹ̀lẹ́kítíróòdù fàdákà òun palladium, ìyẹn irin tó ń gbé iná wọlé, wà láàárín wọn, a tò wọ́n léra, a sì sun gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ ni pé PZT máa ń fẹ́ tó 2,000 fólítì lórí mìlímítà kan kó tó nà dáadáa. Bí ìpele bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, 200 fólítì ti tó o. Ẹ̀lẹ́kítíróòdù kan á jáde sí ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé e á jáde sí òsì, bí ìyarun méjì tí a ki eyín wọn bọnú ara wọn. Níbi tí orí ẹ̀lẹ́kítíróòdù ti dúró láì dé etí, sẹ̀rámíìkì ibẹ̀ kì í nà, bẹ́ẹ̀ ti àárín ń nà. Ojú ààlà yẹn gan-an ló ti máa ń sán.

Ohun tí mo ṣe sí i ni pé mo jẹ́ kí orí ẹ̀lẹ́kítíróòdù náà ní ihò wẹ́wẹ́, kí agbára iná máa dínkù kó tó dé ààlà, kó má kàn já lójijì. Kléèmù ni gbólóhùn tó ń sọ ohun tí páténtì á dáàbò bò. Kléèmù 1 sọ pé ibi tí irin bò ní orí kéré sí ti àárín. Kléèmù 2 dárúkọ iye, ìdá 60 sí 85 nínú 100. Kléèmù 4 ní 1,000 °C la ti sun ún. Kléèmù 6 ní hóró sẹ̀rámíìkì ló kún inú àwọn ihò náà, tó so ìpele òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ ti dé láti USPTO, ọ́fíìsì páténtì Amẹ́ríkà. Wọ́n fi §102 òfin páténtì wọn kọ kléèmù 1 àti 2, wọ́n ní páténtì iléeṣẹ́ Japan kan ti sọ ọ́ tán. Wọ́n fi §103 kọ 3 sí 5, wọ́n ní bí èèyàn bá da páténtì yẹn pọ̀ mọ́ òmíràn, ó hàn gbangba. Wọ́n tún fi §112 mú mi nítorí pé mo kọ "díẹ̀díẹ̀" sínú kléèmù 3, wọ́n ní kò ṣe kedere. Ti kléèmù 6, wọ́n ní "objected to". Èmi nìkan ni mo ń bá iṣẹ́ yìí jẹ, kò sí lọ́yà. Ṣé kí n jà ni, àbí kí n jẹ́ kó lọ?

Ìyá Ìbejì Houston
Àbúrò mi, ẹ má jáyà. Ìkọ̀sílẹ̀ ni lẹ́tà àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, tọlọ́yà tàìlọ́yà. Ẹ kọ́kọ́ wo déètì tó wà lórí rẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ ní láti ọjọ́ yẹn. Ẹ lè rà á títí dé oṣù mẹ́fà, àmọ́ owó rẹ̀ ń gun òkè lóṣooṣù, bí oṣù mẹ́fà bá sì kọjá láìsí èsì, ìwé yẹn ti kú nìyẹn. Ṣé ẹ ti forúkọ sílẹ̀ bíi micro entity, ìyẹn ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀? Ìdá 20 nínú 100 péré lẹ ó máa san lórí ọ̀pọ̀ owó wọn.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Mo ti ṣe ìyẹn, mà. Ẹ ṣeun.

Lọ́yà Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ gbólóhùn tí wọ́n kọ nípa kléèmù 6 síbí, gbogbo rẹ̀, kò gbọdọ̀ kù síbì kan.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ní Yorùbá, ohun tí wọ́n ní ni pé: kléèmù 6 rọ̀ mọ́ kléèmù tí a kọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ta kò ó, àmọ́ a ó gbà á bí a bá tún un kọ kó dá dúró, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú kléèmù tó rọ̀ mọ́.

Lọ́yà Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Ṣé ẹ rí i! Wọ́n ti fún yín ní páténtì, ẹ ò tíì nawọ́ gbà á ni. "Rejected" lọ̀tọ̀, "objected to" lọ̀tọ̀. Olùyẹ̀wò ti wá kiri, kò rí ẹni tó fi sẹ̀rámíìkì kún ihò orí ẹ̀lẹ́kítíróòdù bẹ́ẹ̀. Ẹ kó gbogbo ọ̀rọ̀ kléèmù 1, ẹ fi ti 6 kún un, ẹ sọ ọ́ di kléèmù kan tó dá dúró. Èyí tí wọ́n bá kọ̀ nínú ìyókù, a ṣì lè gbé e lọ sínú continuation, ìyẹn ìwé ìbéèrè tuntun tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, kí páténtì àkọ́kọ́ tó jáde. Bó bá ti jáde pẹ́nrẹ́n, ilẹ̀kùn yẹn ti tì.

Bàbá Sẹ̀rámíìkì
Ẹ̀gbọ́n lọ́yà ti sọ tiwọn, ó dáa. Àmọ́ ojú kléèmù 2 ni èmi ń wò, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Ẹni tó bá fẹ́ yẹra fún kléèmù 6 kàn lè fi ihò sílẹ̀ lófìfo ni. Àbúrò, níbo ni olùyẹ̀wò ti rí ìdá 60 sí 85 nínú ìwé Japan yẹn? Ṣé nọ́ńbà wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Rárá, sà. Àwòrán kẹta ló tọ́ka sí. Wọ́n fi ilà tó já yà orí ẹ̀lẹ́kítíróòdù, ilà tó ṣe déédéé ni wọ́n fi ya àárín. Olùyẹ̀wò kọ ọ́ pé bí a bá wọn ilà àti àlàfo, irin bo nǹkan bí ìdá 70.

Bàbá Sẹ̀rámíìkì
Ó fi rúlà wọn àwòrán páténtì! Ìpele tó jẹ́ 80 máíkírómítà, wọ́n á yà á bí ẹni ya pákó kó lè hàn lójú. Èwo ni ká máa wá ìdá nínú ìyẹn?

Lọ́yà Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Òfin wà lórí rẹ̀. Ẹ wo MPEP 2125, ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn olùyẹ̀wò USPTO: bí ìwé náà kò bá sọ pé àwòrán òun bá ìwọ̀n mu, tí kò sì sọ ohunkóhun nípa ìwọ̀n, èèyàn ò lè ti ara rẹ̀ fa ìṣirò jáde. Ẹjọ́ Hockerson-Halberstadt ti ọdún 2000 ni kí ẹ tọ́ka sí. Ẹ ka ìwé Japan yẹn láti òkè dé ilẹ̀, ní pàtàkì ibi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé àwòrán. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra wọn pé àwòrán ò bá ìwọ̀n mu.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ohun tí àwòrán bá fi hàn gbangba ṣì jẹ́ ẹ̀rí. Ó fi hàn pé orí já ju àárín lọ, ìyẹn ti tó láti pa kléèmù 1. Ẹ má fi agbára ṣòfò níbẹ̀.

Ọmọ Èkìtì ní Virginia
Mo ti jókòó sídìí iṣẹ́ olùyẹ̀wò rí, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe máa rí lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ àwòrán bi §102 ṣubú lórí kléèmù 2, olùyẹ̀wò á gbà, á sì fi §103 padà wá. Ohun tó máa kọ ni pé ìwé àkọ́kọ́ ti mọ̀ pé kí orí já, iye tó máa já sí, ìdánwò lásán ló kù. Láti ẹjọ́ Aller ní 1955 la ti ń kọ irú ẹ̀ síwèé, fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà nílẹ̀, kò ní gbà á ní wákàtí kan.

Nítorí náà ẹ tètè mú ìdáhùn yẹn dání. Àbájáde ìdánwò yín ńkọ́? Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ 60, kí ló ṣẹlẹ̀ lókè 85?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ní 90, ó sán ní kíákíá bí èyí tí irin bò tán, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan lójú maikirosíkóòpù. Ní 55, kò sán, àmọ́ irin ti já sí erékùṣù erékùṣù, iná ò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, nínà gbogbo ẹ̀yà náà sì wálẹ̀. Láàárín 60 sí 85, kò sán, nínà kò sì wálẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń kà sí.

Ọmọ Èkìtì ní Virginia
Ẹ gbọ́, ìyẹn ni kí ẹ kọ! Ẹ fi sínú ìwé ìbúra lábẹ́ òfin 37 CFR 1.132, kì í ṣe nínú àlàyé ìṣẹ̀dá yín, torí ẹ ò lè fi nǹkan tuntun kún ìyẹn mọ́. Ohun méjì ni olùyẹ̀wò máa wò. Ìkíní, ṣé ẹ fi tiyín wé ohun tó sún mọ́ ọn jù lọ? Fífi wé ẹ̀lẹ́kítíróòdù tí irin bò tán kò tó, àfi kí ẹ ṣe irú èyí tí ìwé Japan yẹn ṣàpèjúwe. Ìkejì, ṣé àbájáde yín kárí gbogbo ohun tí kléèmù gbà mọ́ra? Bó bá jẹ́ 70 nìkan lẹ dán wò, wọn ò ní fún yín ní 60 sí 85.

Bàbá Sẹ̀rámíìkì
Ti páténtì kejì tí wọ́n dà pọ̀, ṣé èyí tí wọ́n fi ìpele kan tó rọ sáàárín kó lè fọ́ nìyẹn?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Òun ni, sà. Gbogbo ìpele yẹn ló ní ihò.

Bàbá Sẹ̀rámíìkì
Mo mọ irú ẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ kó fọ́ ní gbọọrọ, kí sísán má baà ré kọjá láti ẹ̀lẹ́kítíróòdù kan sí èkejì kí iná sì pàdé. Iṣẹ́ tiyín ni kí ibẹ̀ má fọ́ rárá. Ẹni tó bá gbé ti kejì wọnú ti àkọ́kọ́, orí ẹ̀lẹ́kítíróòdù rẹ̀ á ya kúrò lára sẹ̀rámíìkì ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́yà Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Ẹ kọ ọ́, ó dára. Láti ìgbà ẹjọ́ KSR ní 2007, kò di dandan kí ìwé kankan sọ pé ẹ da méjèèjì pọ̀, àmọ́ olùyẹ̀wò ṣì gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ á fi dà wọ́n pọ̀. Ìdí tirẹ̀ ni kí ẹ kọlù. Kléèmù 4, ẹ yọ 1,000 °C kúrò. Kléèmù ohun èlò ni, ohun èlò fúnra rẹ̀ ni wọ́n á wò, wọn ò ní wo bí wọ́n ṣe sun ún. Bí ẹ bá fẹ́ ìwọ̀n iná ààrò, ẹ kọ kléèmù fún ọ̀nà ìṣe. "Díẹ̀díẹ̀" náà, ẹ fi máíkírómítà dípò rẹ̀, bó bá ti wà nínú ìwé tí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn Gidi
Ẹ má bínú, ìbéèrè tèmi yàtọ̀. Ta ló ni ààrò tí ẹ fi sun ún? Mo rí ẹnì kan tí yunifásítì gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ilé iṣẹ́ wọn ló ti ṣe é.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ààrò yunifásítì ni, sà, àmọ́ oníbàárà tó ń sanwó ni mí, mi ò sí lára wọn. Àdéhùn tí mo fọwọ́ sí sọ pé ẹni tó sanwó ló ni ohun tó bá ṣe.

Ọmọ Ìbàdàn Gidi
Ẹ tọ́jú àdéhùn yẹn dáadáa. Ẹ̀ẹ́ ti ṣe kí ẹ tiẹ̀ gbé e lọ sí Abuja? Wọn ì bá ti fún yín.

Lọ́yà Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Lóòótọ́, wọn ì bá ti fún wọn, nítorí bóyá fọ́ọ̀mù pé ni wọ́n ń wò níbẹ̀, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jẹ́ tuntun. Òfin Nàìjíríà fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tó gbà á ló ru ewu rẹ̀, ìjọba ò ṣe onígbọ̀wọ́. Ẹni tó fẹ́ ta á fún àwọn tó ń ṣe nọ́súlù, èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò ni wọ́n á béèrè.

Ọmọ Èkìtì ní Virginia
Kí ẹ tó kọ ohunkóhun ránṣẹ́, ẹ pe olùyẹ̀wò. Nọ́ńbà rẹ̀ wà ní ìparí lẹ́tà. Ọ̀fẹ́ ni, lórí fóònù tàbí fídíò. Níwọ̀n bí ẹ ò ti ní lọ́yà, MPEP 707.07(j) sọ pé bí olùyẹ̀wò bá rí ohun tó tọ́ sí páténtì nínú ìwé yín, ó yẹ kó bá yín kọ kléèmù kan tó lè gbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí. Ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè rẹ̀.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ọlọ́run á san yín lẹ́san o. Mo ti kọ̀wé béèrè fún ìpàdé fídíò. Ṣé kí n sọ gbogbo àbájáde mi fún un lọ́jọ́ náà?

Ọmọ Èkìtì ní Virginia
Ẹ fi kléèmù tuntun ránṣẹ́ ṣáájú, ojú ewé kan péré. Ẹ kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé ìjíròrò lásán ló wà fún, kó má baà wọlé bí àtúnṣe. Tábìlì 55, 60, 70, 85, 90 yẹn, ẹ fi hàn án, kí ẹ sì dákẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ bá sọ á wọnú àkọsílẹ̀, ẹni tí ẹ bá pè lẹ́jọ́ lọ́la máa kà á. Nítorí náà, ẹ má sọ fún un pé ìsàlẹ̀ 60 kò wúlò fún ohunkóhun láyé. Ẹ ní nínà rẹ̀ wálẹ̀, ó tán.

Lọ́yà Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè bóyá á gba kléèmù 1 pẹ̀lú 2 àti ìwọ̀n máíkírómítà. Kléèmù 6 kò ní sá lọ, inú lẹ́tà ló wà.