Ta ló ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́? Báwo ni ọkàn yín ṣe gbà á?

Akọ̀wé Àná: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo pé 60 ọdún, ìjọba ní kí n máa lọ sinmi, wọ́n sì ṣe ayẹyẹ tó dùn fún mi. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ara mi á ti máa kánjú àtiwẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀ ṣì wà lára ìkọ́, kò sì síbi tí mò ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣíwájú wa, báwo ni ẹ ṣe fara dà á?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú oríire, sà. Fóònù ni tèmi. Nígbà tí mo wà nípò, kì í sinmi, nítorí àwọn tó ń wá ìbuwọ́lùwé mi kò mọ ọjọ́ Àìkú yàtọ̀ sí ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn tí mo kúrò, ó pa lọ́lọ́, àfi àwọn tó ń polówó dátà nìkan ló rántí mi. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo rẹ́ àlùbọ́sà tí n kò fẹ́ fi se nǹkan kan, kí àwọn ọmọ lè rò pé òun ló fa omi ojú mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ipò ni wọ́n ń pè, mà, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ìyá Ìbejì: Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sunkún mi tán ná.

Bàbá Àgbẹ̀: Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, owó ló ń fa ìrònú. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí wọ́n máa yọ 8 nínú 100 lára owó oṣù òṣìṣẹ́ pamọ́ fún un, kí agbanisíṣẹ́ sì fi 10 kún un, ṣùgbọ́n ọkàn ẹni tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ kò san tirẹ̀ yóò ha balẹ̀ bí?

Ìyá Ìbejì: Tèmi ń wọlé déédéé, sà, síbẹ̀ n kò rí oorun sùn.

Aya Tíṣà: Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ àwa tí wọ́n fẹ̀yìntì bá nílé. Bàbá àwọn ọmọ mi ti to gbogbo ife mi láti orí èyí tó kéré dé èyí tó ga, wọ́n ń fi kóńgò wọn gààrì, bí mo bá sì gbé ìkòkò kaná, wọn á dúró sẹ́nu ọ̀nà bí alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́, wọn á béèrè ìdí tí epo fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àdúkẹ́: Ṣé ọkọ kan náà la jọ ń fẹ́ ni? Tèmi ní ìwé tí wọ́n ń kọ iye tí a fi ra ata sí.

Àgbà Òṣìṣẹ́: Ẹ̀yin ìyàwó wa, ẹ ṣàánú. Ẹni tó ti ń pàṣẹ fún odindi ẹ̀ka tipẹ́, tó wá ku ife àti ata nìkan tó lè pàṣẹ fún, ẹ ò ṣe fún un níṣẹ́ gidi dípò kí ẹ máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́?

Aya Tíṣà: Mo ní kí wọ́n bá mi lọ sọ́jà, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀.

Olùkọ́ Ìṣirò: Ìdí nìyí tí mo fi ń dúpẹ́ fún òfin ọdún 2022 tó sún ìfẹ̀yìntì àwa olùkọ́ sí 65 ọdún, tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹkún yín ni wọ́n sún síwájú, sà.

Olùkọ́ Ìṣirò: Ẹ jẹ́ kó sún. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń dìde kí mi láràárọ̀. Ta ni yóò dìde kí mi nílé?

Ìyá Àdúkẹ́: Aya Tíṣà, mo ní ṣọ́ọ̀bù ìwé kan tí ọjà inú rẹ̀ ti dàrú pátápátá. Ṣé ẹ lè yá mi ní bàbá náà? Mo máa ń se oúnjẹ ọ̀sán.

Aya Tíṣà: Ẹ wá mú wọn lọ́la, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé èmi ni mo rán yín.