Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Èkìtì, àgbà wo ló dúró tì yín?

Ọmọ Ọ̀yẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Èkìtì kete. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún Àjíǹde. Àwa ọ̀dọ́ la dáwó jọ tí a fi tún ẹ̀rọ omi ẹ̀gbẹ́ ọjà ṣe. Ọjọ́ tí omi yọ, àgbà kan tí kò dá kọ́bọ̀ gba máìkì, ó ní "àwa la ṣe é." Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Ṣùgbọ́n bàbá télọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ti ń tẹ̀lé wa lọ sọ́dọ̀ àwọn ìjòyè láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá bi wá pé "ta ló rán yín?", á ní "mo mọ̀ wọ́n." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ẹ sọ tiyín, ẹ jọ̀ọ́.

Tíṣà Ìjerò
Ẹni tó gba máìkì lọ́wọ́ ọmọ, oúnjẹ ló gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Tèmi gùn, ẹ fara balẹ̀. Mo wà ní SS2 nígbà tí àbúrò ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ṣẹ̀jẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú lẹ́yìn tí olóólà kúrò nílé wọn. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Àwa márùn-ún ní kíláàsì ní a ó máa wọlé tọ àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun, kí wọ́n má dábẹ́ fún ọmọbìnrin mọ́. Ilé tí a kọ́kọ́ wọ̀, omi ìfọbọ́ ni ìyá àgbà dà sí wa lẹ́sẹ̀. Ó ní àwa tí a kò tí ì mọ ọkùnrin, kí la mọ̀ nípa ìdí obìnrin?

Ìyá kan wà ládùúgbò tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ránṣẹ́ pè wá. A rò pé yóò bá wa wí ni. Ó ní, "Kí ni wọ́n bi yín tí ẹ kò rí èsì fún?" A ní wọ́n sọ pé bí orí ọmọ bá kan ibẹ̀ nígbà ìbí, ọmọ á kú, pé ọmọ tí wọn kò bá dábẹ́ fún á máa ṣe ìṣekúṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ́ wa. Ó ní àpá abẹ́ kì í fà bí ara tó kù, pé ó máa ń ya nígbà ìrọbí, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà. Ó ní òun ti gbẹ̀bí fún àìmọye obìnrin tí wọn kò dábẹ́ fún, orí ọmọ wọn kan ibẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ń sáré kiri lónìí.

Ó tún kọ́ wa bí a ṣe ń wọlé. Ká kúnlẹ̀ ná, ká béèrè ọmọ, bí aṣọ ọmọ bá wà nílẹ̀ ká bá wọn fọ̀ ọ́, kí ọ̀rọ̀ tó dé. Òun fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, lórí àpótí. Bí ìyá àgbà bá kọjú sí i pé "Nọ́ọ̀sì, ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ?", á ní "ẹ bi àwọn gan-an, wọ́n mọ̀ ọ́n."

Olú Ìkọ̀lé
"Ẹ bi àwọn gan-an." Ha! Ọlọ́run jẹ́ kí ìyá yẹn pẹ́.

Bàbá Àdó
Ẹ má bínú o. Ọmọ ọdún 16 tó ń bá ìyá ìyá rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò rí i rí nígbà tiwa. Ìjọba ló yẹ kó ṣe é.

Tíṣà Ìjerò
Bàbá, ìjọba ti ṣe tiwọn. Òfin Èkìtì ti kà á léèwọ̀ láti 2002. Òfin tó de ìwà ipá sí obìnrin dé ní 2011, wọ́n tún un ṣe ní 2019. Ìjọba àpapọ̀ náà ṣe òfin tiwọn ní 2015. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹjọ tí olóólà bá dé, ta ni òfin máa rán wọ yàrá?

Bàbá Àdó
2002? Ó ti tó bẹ́ẹ̀? N kò mọ̀.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́
Ó di ẹkún fún mi bí mo ṣe ń kà á. Obìnrin ni ìbejì mi méjèèjì, ìyá ọkọ mi sì ti ránṣẹ́ sí olóólà. Àbúrò ọkọ mi tó kéré jù, ọmọ ọdún 17, ló ní kò ní ṣẹlẹ̀. Wọ́n pariwo mọ́ ọn, wọ́n ní àlejò ni òun nínú ọ̀rọ̀ ọlọ́mọ. Bàbá ọkọ mi, ẹni ọdún 79, kò sọ nǹkan kan. Ó gbé àga lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó jókòó sórí rẹ̀ títí olóólà fi padà lọ. Òkú ọ̀run ni bàbá báyìí. Àwọn ọmọ mi ti wà ní JSS1.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Ìyá, ẹ ti pa mí lẹ́kún. Àga yẹn!

Kọ́pà Àná
Mo sìnrú ìlú ní Èkìtì, n kò sì fẹ́ràn bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ gbogbo ètò sílẹ̀ kí n tó bá àwọn ọ̀dọ́ abúlé náà sọ̀rọ̀: kíkun ilé ìwòsàn. Ẹni méjì péré ló wá. Ọmọkùnrin kan ló sọ fún mi pé ọ̀nà odò ló ń dun àwọn, ibẹ̀ ni ejò ti bu ẹ̀gbọ́n òun jẹ. Ìgbà tí a gbé àdá lọ síbẹ̀, wọ́n lé ní ogójì.

Ṣọlá Òmùò
Ẹ̀yin ń sọ "ọ̀dọ́, ọ̀dọ́". Olórí ọ̀dọ́ ìlú wa ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́ta.

Olú Ìkọ̀lé
Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti 2019 ní ọdún 15 sí 29 ni ọ̀dọ́.

Ṣọlá Òmùò
Ti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà dé 35.

Olú Ìkọ̀lé
35 náà kò kó olórí ọ̀dọ́ yín mọ́ra. Kó fi ipò sílẹ̀ fọ́mọ ọmọ rẹ̀! Láti 2018 ni ẹni ọdún 25 ti lè du ipò ilé aṣòfin, ní ìlú ńkọ́?

Bàbá Àdó
Ẹ rọra. Ta ló dá ogun Kírìjì sílẹ̀? Fábùnmi Òkèmẹ̀sí, ọ̀dọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ògèdèngbé tó dàgbà jù ú lọ ni wọ́n fi ṣe balógun Èkìtì Parapọ̀ nígbẹ̀yìn. Àgbà ṣì ń wúlò.

Tíṣà Ìjerò
Bàbá, Fábùnmi kò kúrò lójú ogun nígbà tí Ògèdèngbé dé. Wọ́n jọ wà níbẹ̀ ni.

Olú Ìkọ̀lé
Àbí wọ́n gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀?

Bàbá Àdó
Má fi Fábùnmi ṣe ẹlẹ́rìí ohun tí kò sọ. Èmi gan-an ti gba máìkì rí, ní ìpàdé ìlú lọ́dún tó kọjá. Mo rò pé mò ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín.

Ọmọ Ọ̀yẹ́
Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Mo mọyì rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìfàkì
Ẹ kú alẹ́ o. Ọmọ ọdún 17 ni mí. Àwa mẹ́rin la fẹ́ ṣe bíi ti àwọn ará Ẹ̀fọ̀n yìí, ẹ̀gbọ́n mi bímọ obìnrin lọ́sẹ̀ tó kọjá. A ò ní àgbà kankan. Màmá mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́
Ọmọ mi, ọmọ náà ti pé ọjọ́ mélòó?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìfàkì
Ọjọ́ márùn-ún mà.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́
Ìkẹ́rẹ́ sí Ìfàkì kò jìnnà. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá màmá rẹ sọ̀rọ̀, ìyá sí ìyá. Ìwọ lo máa sọ tọmọ náà. Ìgbà wo ni wọ́n máa ń wà nílé?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìfàkì
Lọ́la, láago mẹ́rin, tí wọ́n bá ti ọjà dé. Mo máa dúró dè yín lẹ́bàá títì mà.