Àbọ̀ ìbéèrè mi: mọ́ọ̀pù àti ìgbálẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ balùwẹ̀

Ẹ ṣé gan-an. Ìbéèrè mi ni bí mọ́ọ̀pù, ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn àti búrọ́ọ̀ṣì tọ́ílẹ́ẹ̀tì ṣe lè gbé ara ògiri nínú balùwẹ̀ kékeré.

Dírílì ló yanjú rẹ̀: mo lu ihò sí ògiri, mo sì fi skúrù de ìkọ́ mọ́ ọn. Mo lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ táìlì kí ẹnu dírílì má bàa yọ̀. Ẹnu tí wọ́n ṣe fún táìlì ni mo lò, mílímítà 6, mo ń rọra yí i, mo sì ń ta omi sí i. Ẹ má jẹ́ kí dírílì máa gbá bí òòlù títí ẹ ó fi la táìlì já dé búlọ́ọ̀kù. Gbígbá yẹn ló ń fọ́ táìlì. Ihò tí mo lu sí bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí etí táìlì sán, nítorí náà ẹ jìnnà sí etí dáadáa. Ẹ má sì lu ògiri lókè tàbí nísàlẹ̀ ẹnu ẹ̀rọ omi gan-an, torí páìpù. Mo fi sílíkóònù dí inú ihò kí n tó de skúrù tí kì í dípata.

Ìkọ́ alẹ̀mọ́ ṣiṣẹ́ díẹ̀: ó gbé búrọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn tí mo fi sípíríìtì nu táìlì, tí mo sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Mọ́ọ̀pù tútù já a bọ́ lọ́jọ́ kejì. Èyí tó ń fa ara mọ́ ògiri bí ẹnu ọmọ ọwọ́ kò wúlò rárá. Ìlà àárín táìlì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀.

Ó ku omi tó ń kán láti ara mọ́ọ̀pù. Ẹ fún un gbẹ kí ẹ tó gbé e kọ́. Kíkán náà dín kù, kò tíì tán.