Ohun tí a bá lábẹ́ táìsì: ìrírí wa lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́

Láti Ìkòròdú

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ ìyá mi ni mo fẹ́ sọ, n ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, tí ẹ sì gbé e mì.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, èmi àti àwọn àbúrò mi dáwó jọ láti tún balùwẹ̀ méjì ṣe nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá wa fi sílẹ̀. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀; èkejì wà lókè, ó sì bọ́ sórí pálọ̀ gẹ́lẹ́. Ìyá wa ti lé ní ẹni ọdún 75, orúnkún ń dùn ún, a kò sì fẹ́ kí ó máa wẹ̀ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí ó ti sán tí ó sì ń yọ̀. Aládùúgbò kan ni ó mú onítáìsì náà wá. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni. Ó fi àwòrán àwọn iṣẹ́ rẹpẹtẹ hàn mí lórí fóònù rẹ̀, ó sì ní òun yóò ṣe iṣẹ́ omi àti ti táìsì pọ̀, kí n má wulẹ̀ wá púlọ́ńbà lọ. Èmi fúnra mi ni mo lọ ra táìsì, paípù àti ṣáwà ní ọjà Coker ní Òrílé. ₦110,000 ni a fẹnu kò sí fún owó iṣẹ́ nìkan, mo sì ti san ₦80,000 nínú rẹ̀ kí ó tó fi òòlù kan ògiri.

Ọjọ́ mẹ́fà ni ó fi ṣe é tán. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń dé láti ibi iṣẹ́, bí mo bá sì fi máa dé, gbogbo ibi tí wọ́n bá ṣe lọ́jọ́ náà ti di bíbò. Ó dára lójú. Táìsì funfun ń dán, ìlà àárín wọn gún régé, ìyá mi se ìrẹsì fún òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n parí, ó sì wúre fún wọn. Mo san owó tí ó kù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìwẹ̀ àkọ́kọ́ ni a ti rí àmì lókè. Omi kò lọ síbi ihò tí ó yẹ kí ó bá jáde. Ẹnu ọ̀nà ni ó ń ṣàn bọ̀, tí ó ń dúró sí ìdí férémù ilẹ̀kùn, ìyá mi sì ní láti máa fi ìgbálẹ̀ gbá a padà sẹ́yìn lẹ́yìn tí ó bá ti wẹ̀ tán. Ilẹ̀ balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà ihò omi, bí i sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì nínú mítà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òdìkejì ni tiwa rẹlẹ̀ sí. Mo pe onítáìsì. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, sìmẹ́ńtì yẹn ò tíì gbẹ dáadáa ni. Tó bá gbẹ tán, omi á mọ ọ̀nà.” Mo gbà á gbọ́, nítorí mo fẹ́ gbà á gbọ́; owó ti jáde lọ́wọ́ mi, ara mi kò sì lè gba kí n gbọ́ pé iṣẹ́ náà kò dára.

Ní oṣù Keje, àbàwọ́n kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ yọ lára àjà pálọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti fẹ̀ tó àtẹ, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí àga tí ìyá mi máa ń jókòó sí wo tẹlifíṣàn. Bàbá bíríkìlà kan wà tí ó bá bàbá mi ṣiṣẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Òun ni mo bẹ̀ pé kí ó wá bá mi wò ó. Kò mú irinṣẹ́ kankan dání. Ó lóṣòó, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lápò, ó sì ń fi í kan táìsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tí sìmẹ́ńtì bá kún abẹ́ rẹ̀ dáadáa, ìró náà á ki, bí ìgbà tí a bá kan òkúta. Níbi tí ó bá ṣófo, á dún bí ẹni ń kan ìdí igbá. Táìsì 24 ni ó wà nílẹ̀ balùwẹ̀ yẹn. Nínú wọn, 17 ni ó dún bí igbá.

A tú u. Òkìtì sìmẹ́ńtì kéékèèké márùn-ún ni ọmọkùnrin náà fi sí ẹ̀yìn táìsì kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin ní igun, ọ̀kan láàárín, tí ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Omi ọṣẹ ti wọ inú àlàfo àárín wọn, ó ti dúdú, ó sì ń rùn. Lábẹ́ ihò omi, kò fi paípù tí ó tẹ̀ kọdọrọ sí i rárá, èyí tí ó máa ń dá omi díẹ̀ dúró kí òórùn sókàwé má bàa gòkè wá. Ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi ìdí tí ìyá mi fi ń ra káńfọ̀ lemọ́lemọ́ láti oṣù Kẹrin, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí paípù onínṣì méjì ti so pọ̀ ni ó burú jù. Kò sí gọ́ọ̀mù lára rẹ̀. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ni wọ́n wé mọ́ ẹnu paípù kí ó lè há, wọ́n wá da sìmẹ́ńtì lé e lórí. Bàbá náà fi ìka méjì fà á, ó yọ. Ó tú ọ̀rá náà kúrò, ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. “Tọ́jú ẹ̀, ọmọ mi. Ẹ̀rí ni.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe onítáìsì. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la, ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù, nígbà tí ó yá kò gbé fóònù mọ́. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí a kó ọlọ́pàá tì í. Mo kọ̀. Iṣẹ́ tí kò dára kì í ṣe olè jíjà, Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sì sọ ọ́ ní kedere pé a kò gbọdọ̀ torí pé ènìyàn kò mú àdéhùn ṣẹ nìkan mú un sí àtìmọ́lé. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọ lẹ́tà. Mo kọ ọjọ́ tí a ṣe àdéhùn, iye tí mo san àti ọjọ́ tí mo san án, gbogbo ohun tí a bá lábẹ́ táìsì, pẹ̀lú àwòrán, mo sì fún un ní ọjọ́ 14 láti wá dáhùn. Nígbà tí ọjọ́ pé tí kò wá, mo gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ìlàjà ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre, tí ó ti wà láti ọdún 1999. Wọn kì í gba owó. Wọ́n kọ̀wé pè é.

Ó wá, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo gbé ọ̀rá píọ́ wọ́tà náà kalẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ó sì dorí kodò kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin náà jẹ́wọ́ pé ọdún kan péré ni òun lò lẹ́nu ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kí ọ̀gá òun tó kó lọ sí Àbújá, pé òun kò gba fírídọ́ọ̀mù, pé iṣẹ́ omi kò sí lára ohun tí òun kọ́ rárá. Àwọn àwòrán tí ó fi hàn mí, iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí ó hàn lójú rẹ̀ pé ebi ni ó lé e dé ẹnu iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, mo ń rí ìyá mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, lórí orúnkún tí ń dùn ún, mi ò sì lè sọ pé kí ó máa lọ. A fohùn ṣọ̀kan pé yóò dá ₦70,000 padà ní ìgbà mẹ́ta. Ó san ₦25,000 lẹ́ẹ̀mejì. ₦20,000 tí ó kù kò wá títí di òní. Ilé ẹjọ́ fún ẹjọ́ owó kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní Small Claims Court, wà ní Èkó láti ọdún 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ṣùgbọ́n mo fi ìyókù sílẹ̀. Àtúnṣe náà gba ₦240,000 lọ́wọ́ wa.

Láti Ìbàdàn

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ sì bá wa kí màmá. Ọ̀rá tí wọ́n wé mọ́ paípù yẹn dùn mí dé egungun, torí ohun tí ó fara jọ ọ́ ni wọ́n ṣe sínú ògiri ilé mi ní Àkóbọ̀, àmọ́ ti iná ni tèmi.

Mo fi wáyà fún ẹ̀rọ amúlétutù lé oníṣẹ́ iná lọ́wọ́, wáyà mílímítà mẹ́rin, odindi rólù kan, tí mo fi owó ara mi rà. Lẹ́yìn bí ọdún kan, ìyàwó mi jí mi ní òru pé ẹja ń jóná. Kò sí ẹja kankan nínú ilé. Sókẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ náà ni. Ike rẹ̀ ti pọ́n, ó ti rọ̀ bí àbẹ́là ní apá kan, ògiri tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì gbóná. Nígbà tí a fa wáyà inú ògiri jáde, ó jẹ́ wáyà mílímítà kan àti ààbọ̀, èyí tí a máa ń lò fún gílóòbù. Rólù tí mo rà kò sí nínú ilé náà níbikíbi. Ọmọ wa méjì ni ó ń sùn nínú yàrá yẹn.

Mi ò lọ sí ilé ìlàjà. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ iná àdúgbò wa máa ń ṣe ìpàdé, mo sì mú wáyà jíjóná náà lọ bá alága wọn. Bàbá náà kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Wọ́n pe oníṣẹ́ iná náà síwájú gbogbo ẹgbẹ́, wọ́n ní kí ó fi owó ara rẹ̀ ra wáyà tuntun, kí ó sì tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀, pẹ̀lú àgbà oníṣẹ́ kan tí yóò dúró tì í títí tí yóò fi parí. Ó ṣe é. Bí ẹgbẹ́ irú iṣẹ́ náà bá wà ní àdúgbò yín, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Oníṣẹ́ tí kò bẹ̀rù oníbàárà máa ń bẹ̀rù pé kí wọ́n yọ òun lẹ́gbẹ́.

Láti Manchester

Òrùlé ilé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ni tèmi, ọ̀nà jíjìn sì ni ó fà á. Páànù alumíníọ̀mù tí ó nípọn ní mílímítà 0.55 ni mo san owó fún. Mo gba àwòrán 21 lórí WhatsApp, gbogbo rẹ̀ ni ó dára, mo sì ń fi í han àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé ilé ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, mo fi irinṣẹ́ wọn etí páànù kan: 0.45. Káfíńtà náà ní bákan náà ni méjèèjì rí lójú. Òótọ́ ni, bákan náà ni wọ́n rí lójú ẹni tí ó dúró sílẹ̀, ilẹ̀ sì ni wọ́n ti ya gbogbo àwòrán 21 yẹn. Kò sí ẹnì kan tí ó gun òkè.

Níhìn-ín, nígbà tí ògiri ilé ìdáná mi sán ní oṣù méjì lẹ́yìn tí wọ́n rẹ́ ẹ, mo tọ́ka sí òfin oníbàárà ti ọdún 2015 nínú ímeèlì kan ṣoṣo, ẹni tí ó ṣe é sì padà wá tún un ṣe láìgba owó. Nílé, mi ò mọ ẹni tí ǹ bá kọ̀wé sí. Mo pààrọ̀ páànù náà, mo sì gbé àdánù rẹ̀ mọ́ra. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ kankan nílé, fídíò ni mo ń béèrè, kí a sì rí téèpù ìwọ̀n lára ohun tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó bò ó.

Ẹ̀gbọ́n Ìkòròdú, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé àtúnṣe ti ẹ̀ẹ̀kejì dára? Mo fẹ́ ṣe balùwẹ̀ nínú ilé kan náà lọ́dún tí ń bọ̀.

Láti Ìkòròdú

Àbúrò mi, ẹ ṣeun. Bàbá bíríkìlà yẹn ni ó kọ́ mi. Mo gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin níbi iṣẹ́, mo jókòó sórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n bo nǹkan kan kí n tó rí i. Nígbà tí wọ́n so paípù tán tí gọ́ọ̀mù sì gbẹ, tí wọ́n ti tẹ́ ilẹ̀ ṣùgbọ́n tí táìsì kò tíì dé orí rẹ̀, bàbá náà di ihò omi pa, ó mọ ìlà sìmẹ́ńtì kékeré sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ní kí a da omi kún ilẹ̀ náà títí tí yóò fi ga tó ìka méjì. Ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sára ògiri níbi tí omi dé, ó kọ aago àti ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Ìyá mi kò sùn sí yàrá rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ó gbé àga rẹ̀ padà sí abẹ́ àjà yẹn, ó fi ìró bo ẹsẹ̀, ó sì ń wòkè. Nígbà tí bàbá náà dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, omi ṣì wà lórí ìlà pẹ́ńsùlù, àga náà sì gbẹ. Ìgbà yẹn ni mo tó san ìdajì owó iṣẹ́.