Kí ni mo lè sè fún ọmọ Mọ́mọ́nì tí kò lè jẹ ata?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, àdìrẹ ni mò ń ṣe. Láti ọjọ́ Ajé ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì láti ìjọ Mọ́mọ́nì (Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹyìn) ti ń wá kọ́ àbúrò mi lẹ́kọ̀ọ́ ìjọ wọn nílé wa. Ọmọ Amẹ́ríkà ni ọ̀kan. Ọdún 2 gbáko ló máa fi ṣe iṣẹ́ míṣọ́nnárì yìí kó tó padà sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀.

Lọ́jọ́rú, mo ro láfún, mo bu ewédú àti ọbẹ̀ ata sí i. Ọmọ náà jẹ ẹ́ tán, kò ṣẹ́ òkèlè kan kù, àmọ́ omi ń dà lójú ẹ̀, etí ẹ̀ pọ́n bí epo. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo gbé tíì gbígbóná wá, ó rọra ní àwọn kì í mu tíì, kọfí tàbí ọtí.

Wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Oúnjẹ Ẹ̀gbá wo ni mo lè sè tí kò ní ta á lẹ́nu? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ìjọ yẹn, ṣé ewé tíì tá a ń já lẹ́yìnkùlé náà wà lára èèwọ̀ yìí? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ gbé ohun tó máa nira fún un láti kọ̀ síwájú ẹ̀.