Adíneré, abunákù àti apalùdà: ọ̀rọ̀ kan kò lè ru ẹrù yìí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ béèrè pé kí ni ká máa pe ohun èlò tí a fi ń pààrọ̀ eré mọ́tò iná onífésì kan, ìyẹn èyí tó ń lo iná ilé lásán, irú mọ́tò tó wà nínú ẹ̀rọ kéékèèké. Wọ́n dábàá “adíneré”. Ẹnì kejì ní kò pé, nítorí pé èèyàn lè fi í mú eré lọ sókè pẹ̀lú, ó sì fẹ́ “adarí eré”. Ẹnì kẹta ní ká fi “sípíìdì” sílẹ̀ bó ṣe wà, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ó ti ń ká mi lára yàtọ̀ sí ibi tí ẹ ń jà sí. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó sọ ohun tí ohun èlò náà ń ṣe sí iná. Wọ́n kàn ń sọ ohun tí a ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ìrètí yẹn ti sun mọ́tò kan mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ní ẹ̀rọ ìlurin tó ń dúró lórí tábìlì. Àwo pẹlẹbẹ tó wà lára mọ́tò rẹ̀ kà báyìí: 220 V, 50 Hz, 1425. Ìyẹn ni pé ó ń yí ní ìgbà 1425 láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo fẹ́ lu irin líle, irin líle sì fẹ́ kí ẹnu dírílì rọra yí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gbóná, á sì kú. Mo wá ra ohun kan tí wọ́n ní ó ń dín eré kù, mo so ó mọ́ ọn. Mo yí ojú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, eré kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀. Mo tún yí i sílẹ̀, mo gbé ẹnu dírílì lé irin. Mọ́tò náà kùn, eré rẹ̀ já lulẹ̀ lójijì, mo gbọ́ “tá!” nínú ikùn rẹ̀, kò sì pẹ́ tí òórùn fáníìṣì tó ń jó fi gba gbogbo yàrá.

“Tá!” yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ní kọ́ìlì méjì: èyí tó ń ṣiṣẹ́ títí, àti èyí tó kàn ń tì í gbéra. Kọ́ńtáàkì kan wà lára ọ̀pá tó ń yí; tí eré bá ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kọ́ńtáàkì náà á ṣí, á sì já kọ́ìlì agbéra kúrò nínú iná. Nígbà tí eré já lulẹ̀, kọ́ńtáàkì tún pa dé. Kọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ wá dúró sínú iná, ó jó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìlù ṣàlàyé rẹ̀, torí inú ìlù ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mò ń wá. Iná inú wáyà wa kì í lọ tààrà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìgbà 60 ní Amẹ́ríkà. Lílọ-bíbọ̀ yẹn ni ìlù, òun ni Hz tó wà lára àwo mọ́tò mi. Mọ́tò tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì (èédú kékeré tó ń fara kan ibi tó ń yí láti gbé iná wọ inú rẹ̀), irú ti ẹ̀rọ mi, oníjó ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlù. Bí onílù bá ń lù ú jẹ́jẹ́ tí kò sì pa ìlù dà, oníjó kò ní torí ìyẹn jó lọ́ra. Ìlù náà kàn kò ní wọ̀ ọ́ lára mọ́ ni, tí ẹ bá sì gbé ẹrù lé e lórí, á wó. Iye rẹ̀ tilẹ̀ le ju bí èèyàn ṣe rò lọ: bí agbára iná (fólítì, V) bá wálẹ̀ dé ìdajì, okun tí mọ́tò fi ń yí nǹkan á wálẹ̀ dé ìdámẹ́rin. Ohun tí mo so mọ́ mọ́tò mi, ó ń lu ìlù jẹ́jẹ́ ni. Kò pa á dà.

Nítorí náà, mo ní kí a pe irú ohun èlò yẹn ní “abunákù”, ohun tó ń bu iná kù. Ẹnìkan ti dábàá “agéná” nítorí pé lóòótọ́ ló ń gé iná: nínú gbogbo lílọ àti gbogbo bíbọ̀, ó ń dúró díẹ̀ kó tó jẹ́ kí iná kọjá, bó bá sì pẹ́ tó ni ìyókù ṣe ń kéré tó. Àlàyé náà péye. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ fún aládùúgbò mi pé wọ́n gé iná, ohun tó máa gbọ́ ni pé ilé ti ṣókùnkùn. Ẹ jẹ́ ká fi agéná sílẹ̀ fún àwọn tó ń já wáyà.

Èyí tó ń pa ìlù dà gan-an ni kí a pè ní “apalùdà”. Ó ń gba iná, á kọ́kọ́ sọ ọ́ di èyí tó ń lọ tààrà, á wá gé e wẹ́wẹ́, á tún un lù ní ìlù tuntun: 50, 40, 25, iye tí ẹ bá fẹ́. Ó sì ní láti dín agbára kù bó bá ṣe ń dín ìlù kù, nǹkan bí 110 V fún ìlù 25 tó bá jẹ́ 220 V ló bá ìlù 50 mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ́ìlì á gbóná kọjá ààlà. Kì í sì bá mọ́tò oníkapásítọ̀ (kapásítọ̀ ni ohun tó ń gba iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀) rẹ́ dáadáa, torí ìlù kan ṣoṣo ni wọ́n wọn kapásítọ̀ rẹ̀ fún. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi sábà ń yọ mọ́tò onífésì kan kúrò, tí wọ́n á fi onífésì mẹ́ta rọ́pò rẹ̀, apalùdà á sì máa gba fésì kan ṣoṣo, á sọ ọ́ di mẹ́ta láti fi bọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n lè wá bi mí pé, dírílì ọlọ́wọ́ ńkọ́? Ẹ̀rọ ìránṣọ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ńkọ́? Orúkọ “adíneré” bá tiwọn mu pátápátá. Mọ́tò oníbúrọ́ọ̀ṣì ló wà nínú wọn, òun kì í sì í jó sí ìlù ẹnikẹ́ni. Iná tó bá jẹ ló fi ń sáré; ẹ bu iná rẹ̀ kù, eré á dín. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi lè kọjá 10,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí mọ́tò oníjó kò lè kọjá 3000 lórí ìlù 50 láéláé.

Fáànù ló ṣòro. Oníjó ni, síbẹ̀ rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀, tí í ṣe abunákù, ń dín eré rẹ̀ kù. Kò ní kọ́ńtáàkì tó lè pa dé, atẹ́gùn sì jẹ́ ẹrù tó ń fúyẹ́ gan-an bí eré bá ti ń dín, nítorí náà oníjó náà lè máa rẹ̀yìn lẹ́yìn ìlù láìṣubú. Ẹnìkan pe rírẹ̀yìn yìí ní “ìyọ̀”. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, “slip”, ló gbé bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ń yọ̀ níbẹ̀. “Ìrẹ̀yìn” ni kí a kọ. Ẹ wo àwo mọ́tò mi: ìlù ní kó yí ní ìgbà 1500, ó yí ní 1425, ìrẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 75, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ má bínú, “òpó” tí ẹnìkan fi túmọ̀ “pole” ti Gẹ̀ẹ́sì náà kò ṣeé lò. Òpó ni ohun tí a rì mọ́lẹ̀. Ohun tó wà nínú mọ́tò ni ibi tí òòfà ti lágbára jù, mo sì fara mọ́ “orí òòfà”: lórí ìlù 50, mọ́tò olórí méjì ń lé ìgbà 3000 láàárín ìṣẹ́jú kan, olórí mẹ́rin ń lé 1500, olórí mẹ́fà ń lé 1000. Ní ti “mọ́tò” fúnra rẹ̀, tí wọ́n ní ọkọ̀ ló ń rántí, ẹni tó bá gbọ́ “mọ́tò fáànù” kì í wo títì. Ẹ jẹ́ ó dúró.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sínú àkójọ ọ̀rọ̀, kí adíneré jẹ́ orúkọ àpapọ̀, kí abunákù àti apalùdà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ kọ ọ́ síwájú abunákù pé: fún mọ́tò oníbúrọ́ọ̀ṣì àti fáànù, kí a má ṣe so ó mọ́ mọ́tò tó ní kọ́ńtáàkì agbéra.